Ohun Funfun Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà Ràṣídì

Leeds,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Karùn-ún, ọdún 2020.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrójú kónílé-ó-gbélé. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kọ ìwé yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: àga kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá mi ni mo fi ṣe tábìlì. Ẹ bá mi kí Gbémi àbúrò mi. Mo mọ̀ pé ó ń rìn dé Sẹ́kọ̀nà kí fóònù rẹ̀ tó lè gbé àwòrán lẹ́tà yín dé ọ̀dọ̀ mi. Kó má bínú. Ẹ̀yin lẹ ní ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í ṣe ọ̀rọ̀, pé ohun tí ọmọ bá ní í bá baba sọ, kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo wà láàyè. Ìyẹn ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ, nítorí nínú ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ibùsùn tó ṣófo ti pọ̀ ju èyí tí èèyàn wà lórí rẹ̀ lọ. Ìyá kan wà tí mo máa ń fi ṣíbí bọ́, tó máa ń pè mí ní Sọ́nì torí pé Ọ̀ṣúnwùmí ti gùn jù fún ahọ́n rẹ̀. Wọ́n gbé e jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni mo mú wá. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan wà níbí tó ń ṣe ohun èlò Kòrónà tí èèyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ lò nínú ilé, láìrí dókítà. Gbogbo ayé ló ń wá a. Àwọn èèyàn ń du ṣíà, ìpín ìdókòwò ilé-iṣẹ́ náà, bí ẹni ń du omi ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí iná bá dé. Ìyàndá ló mú mi wọ̀ ọ́, ọmọ Ìwó tó ń dáná níbi iṣẹ́ wa. Àwa ọmọ Yorùbá kóra jọ lórí Wọ́sáàpù, a sì sọ ṣíà náà lórúkọ: Àbẹ̀kẹ́. Láàárọ̀, kí a tó kí ara wa, "Àbẹ̀kẹ́ jí ire bí?" la máa ń béèrè. Bàbá, ó ń jí ire o! Láti ìgbà tí mo ti rà á, ó ti di ìlọ́po mẹ́ta. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ rà á ní mílíọ̀nù-mílíọ̀nù. Kò sẹ́ni tó tíì fojú rí ìwé àdéhùn náà, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbà pé ó ń bọ̀.

Owó tí mo ń tọ́jú láti fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, gbogbo rẹ̀ ni mo kó lé Àbẹ̀kẹ́ lórí. Ẹ má pariwo. Ẹni tí kò bá rìn lásìkò yìí, orí ìjókòó ni yóò wà títí.

Mo ti fi ohun èlò náà márùn-ún ránṣẹ́ nínú ẹrù ọkọ̀ òfurufú. Gbémi yóò lọ gbà á ní Òṣogbo. Abẹ́rẹ́ kékeré wà nínú rẹ̀, àti omi nínú ìgò bíńtín. Ẹ gún ara, ẹ lo omi náà, ìwé inú páálí yóò sọ ìyókù. Nǹkan yìí ni yóò gbà wá, Bàbá. Ẹ lò ó, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi bó ṣe rí, nítorí àwọn ẹgbẹ́ mi fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nílé. Bí ilẹ̀ Áfíríkà bá lè gbà á, Àbẹ̀kẹ́ kò ní mọ ibi tí yóò dúró sí mọ́.

Ọmọ yín tó ń tọrọ àdúrà,
Ọ̀ṣúnwùmí.


Agbo ilé Olóòlà, Alájùẹ, Ẹdẹ,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà, 2020.

Ọ̀ṣúnwùmí, Àyọ̀ká ọmọ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo ń wá ibi tí o ti béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn mí, tàbí bóyá a ti tún sàréè ìyá rẹ ṣe, n kò rí i. Àbẹ̀kẹ́ ni mo ń rí. Mo bi Gbémi pé ta ni Àbẹ̀kẹ́, ṣé Ọ̀ṣúnwùmí ti bímọ lẹ́yìn mi ni? Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ọjà ni. Kí Ògún jẹ́ kó jẹ́ ọjà tó ṣeé tà.

Ẹsẹ̀ náà ń dùn mí, o ṣeun. Òjò ti rọ̀, àgbàdo ti yọrí. Ọjà ń ṣí lónìí, ó ń tì lọ́la. Gbogbo wa la ń fi aṣọ bo imú báyìí; onígbèsè ń kọjá níwájú olówó rẹ̀, wọn kò dá ara wọn mọ̀.

Ní ti ẹrù rẹ, ó dé. Ìwé inú páálí náà kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ sì le ju eyín mi lọ. Gbémi ní òun fẹ́ kà á fún mi, mo ní kó lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Ṣé èmi Ògúndèyí, ọmọ olóòlà, ọmọ ọmọ olóòlà, tí kò sí ọkùnrin kan ní agbègbè yìí tí kì í ṣe ọwọ́ ìdílé wa ló kọ ọ́ nílà, èmi ni wọn yóò wá fi ìwé kọ́ ní ohun tí a fi ń gún ara? Bí mo ti ṣí i ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rín pa mí. Ohun tí òyìnbó ti fi ń bú wa láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, òun ni wọ́n wá di sínú ọ̀rá wẹ́kú-wẹ́kú yìí.

A ti lò ó. Márùn-ún kò lè ká agbo ilé, mo fi ọgbọ́n pín in. Mo fún Ràṣídì ọ̀rẹ́ mi náà, bàbá Zulfah, oníṣòwò obì tó wà lójúlé kejì sí wa, àti Àwáwù ìyàwó rẹ̀. O mọ Ràṣídì. Ó kọ́kọ́ ń fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní òun ní àdúà tòun. Mo ní àdúà kò ní kí èèyàn má gba ti ọ̀rẹ́. Ó na ọwọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó wúkọ́ nínú gbogbo wa, ọkàn wa sì balẹ̀. Ràṣídì tí kò kúrò nílé láti ìgbà tí wọ́n ti ti títì pa, ó ti ń palẹ̀ mọ́ báyìí láti lọ wo obì rẹ̀ tó há sí Èkó.

Nǹkan rẹ dára. Sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ pé olóòlà Alájùẹ ló wí bẹ́ẹ̀, ó sì mọ ohun tó ń sọ.

Máa wọ ìbọ̀sẹ̀. Má jẹ oúnjẹ tútù.

Bàbá rẹ,
Ògúndèyí.


Leeds,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹfà, 2020.

Bàbá mi, olóòlà tí òyìnbó kò rí nǹkan kọ́,

Mo gba ìbáwí yín. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ ṣì ń fi òrí pa á? Sàréè ìyá mi ńkọ́? Ẹ wò ó, mo ti béèrè, kí ẹ má baà tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú Gbémi.

Bàbá, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Mo fi lẹ́tà yín han Ìyàndá, ó sì kà á sókè nínú ilé ìdáná, ó ń fi ṣíbí ọbẹ̀ lu ìkòkò bó ṣe ń kà á. Ẹnìkan nínú wa túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó gbé e sí ibi tí àwọn tó ń ra ṣíà ti máa ń pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ yín ti kárí. Wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní olóòlà, wọ́n bá sọ yín di dókítà oníṣẹ́ abẹ àgbà kan ní Nàìjíríà tó ti lò ó fún odidi abúlé, tó sì jẹ́rìí sí i! Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi dùn mí. Àbẹ̀kẹ́ fò sókè lọ́jọ́ náà ju bó ṣe fò rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mi ò tún un ṣe fún wọn. Kí ni mo fẹ́ tún ṣe nínú ohun tó dùn?

Ohun kan ló kù tí wọ́n ń béèrè. Nínú nǹkan funfun pẹlẹbẹ yẹn, ìlà mélòó ló yọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan? Ẹyọ kan ni, àbí méjì? Ẹ ní kí Gbémi ya àwòrán rẹ̀. Bí wọ́n bá rí àwòrán ìlà láti Ẹdẹ, Bàbá, mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nìyẹn, orí ilé yín náà á sì gba páànù tuntun.

Ẹ bá mi kí Bàbá Zulfah. Ẹ ní kí wọ́n rọra ṣe ní Èkó.

Ọ̀ṣúnwùmí yín.


Alájùẹ, Ẹdẹ,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹfà, 2020.

Àyọ̀ká,

O béèrè ìlà. Ìlà wo? N kò fa ìlà sí ẹnikẹ́ni lára. Ojú kan ṣoṣo ni mo ń gún, lẹ́yìn ọwọ́, níbi tí mo ti sín gbẹ́rẹ́ fún ìwọ náà kí o tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Mo gún un, ẹ̀jẹ̀ yọ, mo kán omi inú ìgò náà sójú rẹ̀, mo fi àtàǹpàkò ra á wọlé. Omi náà kò ta ẹnikẹ́ni. Ìyẹn yà mí lẹ́nu díẹ̀, nítorí oògùn tó bá mú a máa ta. Mo ní bóyá ti òyìnbó kì í ta. Abẹ́rẹ́ náà kò pọ̀, nítorí náà lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan mo ń fi iná àti ọtí fọ̀ ọ́ lẹ́nu, nítorí èmi kì í ṣe ẹlẹ́gbin.

Ohun funfun pẹlẹbẹ tó ní fèrèsé kékeré nínú, kí ló tún kù tí èèyàn fẹ́ rò nípa rẹ̀? Ońdè ni. Mo lu ihò sí i létí, mo fi okùn sí i, mo so wọ́n sókè ẹnu ọ̀nà. Ràṣídì kò jẹ́ kí n bá òun so tirẹ̀. Ó gun àpótí, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírà rẹ̀, ó ní kí àwọn méjèèjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ó ti dé láti Èkó. Inú ọkọ̀ tó ń kó agbọ̀n tòmátì òfìfo padà ló sá pamọ́ sí, kí àwọn tó dí títì má baà rí i. Láti ọjọ́ kejì tó dé ló ti ń wúkọ́. Mo fún un ní obì jẹ, ó ní kò korò. Ràṣídì, tó jẹ́ pé obì ni iṣẹ́ rẹ̀! Ó bu òmíràn jẹ, ó wo ojú mi, ó ní, "Ògúndèyí, obì yìí kò korò." Ara rẹ̀ gbóná, èémí ń ṣòro fún un. Àwọn ará ilé rẹ̀ sá, àwọn tó ń bá a rajà kò gba iwájú ilé kọjá mọ́. Àwáwù nìkan ló kù, àti èmi.

Èmi ni mò ń gbé e jókòó. Èmi ni mò ń fún un lómi, ẹní mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Kí ni mo fẹ́ máa bẹ̀rù? Mo ti gba gbẹ́rẹ́. Mo rò pé tirẹ̀ kò wọlé dáadáa lọ́jọ́ náà nítorí pé ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Mo ti tún un gún. Gbogbo ẹni tó ń sá ni mò ń sọ fún pé kí wọ́n rántí ohun tí ọmọ mi kọ láti òkè òkun, pé nǹkan yìí ni yóò gbà wá.

Páànù dára. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ná.

Bàbá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹfà, 2020.

Bàbá,

Ẹ jáde níbẹ̀. Mi ò tíì kí yín, ẹ forí jì mí, ẹ kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ ná.

Kì í ṣe oògùn. Bàbá mi, kì í ṣe oògùn! Àyẹ̀wò ni. Inú nǹkan funfun yẹn ni wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, omi inú ìgò ni yóò tì í lọ, ìlà yóò wá yọ, ìlà náà ni yóò sọ bóyá ara ti bá àrùn náà jà rí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò lè dá ikọ́ kankan dúró. Omi náà kò ju omi oníyọ̀ lásán lọ. Kò sí ohun tó ń dáàbò bò yín nínú yàrá yẹn.

Mo ní ẹ̀dà lẹ́tà tí mo kọ sí yín níbí. Mo ń wò ó. Mo sọ fún yín bí Àbẹ̀kẹ́ ṣe ń jí. Mo sọ fún yín bó ṣe di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ wo gbogbo ohun tí mo sọ nípa bí a ṣe ń lò ó: "Ẹ gún ara, ẹ lo omi náà." Ta ló kọ irú nǹkan báyìí sí olóòlà? Èmi ni. Mi ò tilẹ̀ kọ ọ́ pé àyẹ̀wò ni. Mo wá ọ̀rọ̀ náà nínú lẹ́tà mi láti òkè délẹ̀, kò sí níbẹ̀.

Ẹ fi aṣọ di imú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé Bàbá Zulfah lọ sí ilé ìwòsàn ní Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn tó ní in. Ẹ yàgò fún gbogbo èèyàn. Gbogbo ẹni tí abẹ́rẹ́ yẹn kàn, ẹ ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, torí ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan kàn.

Gbémi, bí o bá ń ka èyí ní Sẹ́kọ̀nà, má dúró ra nǹkan kan. Sáré.

Ọ̀ṣúnwùmí.


Leeds,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹfà, 2020.

Bàbá mi,

Ọ̀sẹ̀ kan rèé. Fóònù Gbémi kò wọlé. Mo pe ẹni tó ń ta káàdì ní Sẹ́kọ̀nà, ó ní òun kò rí Gbémi láti ọjọ́ mélòó kan. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń wẹ àwọn arúgbó, ojú yín ni mò ń rí lára gbogbo wọn.

Ẹ̀rù ń bà mí láti kọ èyí tó kù, ṣùgbọ́n bí mi ò bá kọ ọ́, ta ni màá sọ ọ́ fún?

Ọ̀rọ̀ yín ṣì ń lọ káàkiri. Dókítà àgbà Nàìjíríà tó jẹ́rìí. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń fi ra Àbẹ̀kẹ́. Mo pe Ìyàndá sẹ́yìn ilé ìdáná, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó wò mí títí. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi sunkún. Ó ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni títí di ọjọ́ Ẹtì. Jẹ́ ká kọ́kọ́ tà ná." Ó sì padà lọ ro ọbẹ̀ rẹ̀.

Mo sì dákẹ́. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹ lè bú mi sí i: mo dákẹ́. Láàárọ̀ yìí, mo jí, mo gbé fóònù, mo sì ti ń wo iye tí Àbẹ̀kẹ́ jẹ́ kí n tó rántí wò ó bóyá lẹ́tà yín ti dé. Mo ju fóònù náà sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé ó jó mi lọ́wọ́. Ṣé èmi nìyí? Ṣé ọmọ tí ẹ bí ló di báyìí?

Ẹ kọ nǹkan kan sí mi. Kódà bó jẹ́ èébú.

Ọ̀ṣúnwùmí.


Ahéré oko, Alájùẹ,
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Kẹfà, 2020.

Ọ̀ṣúnwùmí,

Mo wà láàyè. Ikọ́ ń ṣe mí, ara mi sì ń gbóná lálaalẹ́, ṣùgbọ́n mo wà láàyè. Inú ahéré oko ni mo wà. Gbémi ń gbé oúnjẹ sí ìdí igi ọsàn, ó ń padà sẹ́yìn kí n tó jáde. Lẹ́tà yìí, òkúta ni mo fi tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Yóò ya àwòrán rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

Ràṣídì ti kú. Òṣogbo ló kú sí. Àwọn èèyàn tó wọ aṣọ funfun bo orí bo ẹsẹ̀ ló sin ín, Àwáwù kò rí ojú rẹ̀, èmi náà kò rí i. Mo bá a ṣe kékeré, a jọ dàgbà, mo sì gbọ́ ikú rẹ̀ láti ẹnu Gbémi tó ń pariwo láti ìdí igi ọsàn.

Jẹ́ kí n sọ bí ìwé rẹ ṣe dé fún ọ. Mò ń fún un ní ẹ̀kọ mu. Gbémi sáré dé, ó dúró lójúde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè láìsinmi, ó ń sunkún bó ṣe ń kà á. Ràṣídì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yí ojú sí mi, ó ní, "Ògúndèyí, kí ni ọmọ wí?" Mo ní ọmọ ní oògùn náà kì í ṣe oògùn. Ó ti ife ẹ̀kọ náà sẹ́yìn. Ó wá ní, "Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe lọ sí Èkó." Kò tún bá mi sọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ títí ọkọ̀ fi gbé e lọ. N kò mọ̀ bóyá èémí ni kò tó o, tàbí ọ̀rọ̀ mi ni kò wù ú gbọ́. Ìyẹn ló ń pa mí lọ nínú ahéré yìí ju ikọ́ lọ.

Kí n tó wá sí oko, mo fi aṣọ di imú, mo rìn láti ojúlé dé ojúlé. Mo ń dúró lójú títì, mo ń kígbe wọlé pé gbẹ́rẹ́ tí mo sín fún yín, kò lóògùn nínú. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Àwọn kan rò pé mò ń ṣàwàdà. Fáwọlé aládùúgbò wa bi mí láàárín àwọn ọmọ rẹ̀ pé, ilà tí o kọ fún wa ńkọ́, ṣé òun náà ni kò dára? Ìyá kan ṣépè fún mi, mo sì ṣe àmín ní ọkàn mi. Láti ìgbà tí mo ti ń mú abẹ, n kò gbọ́ ọ rí kí olóòlà padà sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó fọwọ́ kàn lọ sọ pé òun kò mọ ohun tí òun ṣe. Ojú tì mí débi pé n kò mọ ẹsẹ̀ tí mo fi ń rìn. Mo já àwọn ohun funfun náà lẹ́nu ọ̀nà tí mo so wọ́n sí. Ti Ràṣídì nìkan ló kù. N kò lè gbé ọwọ́ sókè níbẹ̀.

Mo ti ka ìwé rẹ kejì pẹ̀lú. N kò ní bú ọ. Ẹni tó wà nínú kòtò kì í bú ẹni tó ṣubú. Ìbéèrè kan ni mo ní: àwọn tó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lọ́hùn-ún, ta ló lọ sẹ́nu ọ̀nà tiwọn? Èmi ti lọ sẹ́nu ọ̀nà tèmi. Orúkọ mi ni wọ́n fi ń ta ọjà yẹn. Lọ gba orúkọ mi wá fún mi.

Ògúndèyí.


Leeds,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Keje, 2020.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọ̀fọ̀. Mi ò mọ bí a ṣe ń kí baba ẹni kú ọ̀fọ̀ ẹni tí ọwọ́ ọmọ ẹni wà nínú ikú rẹ̀. Ẹ bá mi kúnlẹ̀ fún Ìyá Zulfah títí màá fi lè fi eékún ara mi kúnlẹ̀.

Mo ti gba orúkọ yín. Mo ka lẹ́tà yín fún àwọn ẹgbẹ́ mi bó ṣe rí, láti orí ikọ́ dé orí Fáwọlé. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì síbi tí gbogbo ayé ti ń kà á, mo fi orúkọ ara mi sí i. Mo ní kì í ṣe dókítà, bàbá mi ni. Mo ní kò yẹ ẹnikẹ́ni wò, èmi ni mi ò sọ fún un pé àyẹ̀wò ni. Wọ́n bú mi, Bàbá! Wọ́n ní àwọn ọ̀tá ilé-iṣẹ́ náà ló fún mi lówó kí n wá ba ọjà jẹ́. Ẹlòmíràn ní n kò ní bàbá. Lọ́jọ́ kejì, ilé-iṣẹ́ náà fúnra wọn jáde sọ pé kò tíì sí àṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni máa lò ó nílé, àti pé ìjọba kò bá wọn ṣe àdéhùn kankan. Kò sígbà kan tí àdéhùn náà wà. Àbẹ̀kẹ́ ṣubú, kò dìde.

Owó ilé-ẹ̀kọ́ mi lọ. Mo ní kí n sunkún, omi kò jáde. Ìyàndá àti àwọn ìyókù ti ta tiwọn lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí mo ṣì dákẹ́. Ó ń kọjá lára mi nínú ilé ìdáná bí ẹni tí kò rí èèyàn. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn kì í ṣe òun. Àwọn tó ra tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi rà á, ìdákẹ́jẹ́ mi ló sì jẹ́ kí wọ́n rí i rà. Ẹ ní kí n lọ sẹ́nu ọ̀nà wọn, mi ò mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà wọn wà.

Ikọ́ ńkọ́, Bàbá? Ẹsẹ̀ ńkọ́? Mo ń béèrè, mi ò sì ní béèrè ohun mìíràn mọ́.

Ọ̀ṣúnwùmí yín.


Agbo ilé Olóòlà, Alájùẹ, Ẹdẹ,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje, 2020.

Àyọ̀ká ọmọ mi,

Ikọ́ ti lọ. Ẹsẹ̀ kò lọ síbì kan. Mo ti padà sílé, mo gbẹ bí ẹja yíyan, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní mo lè wà láàárín èèyàn. Àwọn tí abẹ́rẹ́ kàn ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kò sí ohun tó ṣe wọ́n títí di ìsinsìnyí; wọ́n ní kí wọ́n tún padà wá. Mo bá gbogbo wọn lọ. Mo jókòó síta títí wọ́n fi ń jáde.

Zulfah bímọ. Ọkùnrin ni. Ní àná, Àwáwù ránṣẹ́ pè mí pé kí n mú abẹ mi dání. Mo rò pé Gbémi ló ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Mo tún bi í, ó ní abẹ ni wọ́n wí.

Mo dé ẹnu ọ̀nà Ràṣídì, mo gbé ojú sókè, ohun funfun náà ṣì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírà. Mo na ọwọ́ láti já a. Àwáwù di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Bàbá Zulfah ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó." Obìnrin tí mo sọ di opó ló di ọwọ́ mi mú yẹn.

Mo wọlé, mo gbé abẹ sílẹ̀ lórí ẹní, mo ní kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, pé ọwọ́ mi kò yẹ fún ọmọ ilé yìí mọ́. Àwáwù ní, "Ẹ ti wá sẹ́nu ọ̀nà wa wá sọ ohun tí ẹ kò mọ̀ fún wa. Èyí tí ẹ mọ̀ la pè yín sí." Ó sì gbé ọmọ náà lé mi lẹ́sẹ̀.

Mo ka ìwé rẹ. Bí o kò bá rí ẹnu ọ̀nà wọn, má yé sọ ọ́ lójú títì. Bí Ìyàndá bá bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, dá a lóhùn. Ilé-ẹ̀kọ́ yóò ṣì wà níbẹ̀.

Mo kọ ọmọ náà nílà. Ó ké, ó ké dáadáa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì tètè dá. Ràṣídì ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí mo ń jáde, mo tẹ orí ba kọjá lábẹ́ ohun funfun yẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni mo tún ṣe láàárọ̀ yìí nígbà tí mo lọ wo ojú egbò rẹ̀.

Bàbá rẹ,
Ògúndèyí.